Ọkọ̀ Ogun Tí Kò Jà Rí

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ọkọ̀ ogun onípákó kan wà ní Dundee, ní ilẹ̀ Skọ́tláǹdì, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, síbẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi níṣẹ́ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló sì dé tí wọ́n fi pa orúkọ rẹ̀ dà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. HMS Unicorn ni ọkọ̀ náà, ọdún 1824 ni wọ́n sì tì í sínú omi ní Chatham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbá 46 ni wọ́n ṣètò pé kó máa gbé, ṣùgbọ́n ogun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé, jà ti parí láti ọdún 1815, ìjọba kò sì rí ohun tí yóò fi ọkọ̀ tuntun ṣe. Wọn kò ri òpó ìgbòkun mọ́ ọn rárá. Òrùlé pákó ni wọ́n kàn bo òkè rẹ̀ kí òjò má baà jẹ ẹ́ run, wọ́n sì so ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀tù sí ló dà ní Woolwich.

Ní ọdún 1873 ni wọ́n fà á lọ sí Dundee fún àwọn ọmọ ogun ìpamọ́, ìyẹn àwọn tó ní iṣẹ́ òòjọ́ tiwọn, àmọ́ tí ìjọba lè pè bí ogun bá dé. Royal Naval Reserve, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, àwọn atukọ̀ oníṣòwò ló ń gbà, irú wọn kò sì wọ́n ní Dundee, torí èbúté àwọn ọdẹ àbùùbùtán ni. Wọ́n ti mọ omi tẹ́lẹ̀. Lílo àgbá ni wọ́n wá kọ́, abẹ́ òrùlé yẹn ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ yìnyín.

Ní 1903 ni ẹgbẹ́ kejì dé, Royal Naval Volunteer Reserve, tí ó gba ẹni tí kì í ṣe atukọ̀ rárá. Ìlà wúrà etí ọwọ́ aṣọ àwọn ọ̀gá wọn a máa ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí ìgbì òkun, nígbà tí ti ojúlówó ọmọ ogun ojú omi ń lọ tààrà. Ìyẹn làwọn èèyàn fi ń dá wọn mọ̀, wọ́n sì ń fi ṣe wọ́n yẹ̀yẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ti orúkọ tí ẹ béèrè, ọ̀rọ̀ náà kò le. Ọkọ̀ ogun méjì kì í jẹ́ orúkọ kan náà ní àkókò kan náà, nígbà tí wọ́n sì ti Unicorn tuntun, ọkọ̀ tí bàálù ogun ń bà sí, sínú omi ní 1941, àgbà ló yọ̀ǹda orúkọ fún ọmọdé. Ó di HMS Cressy títí di 1959. Lójú tèmi, ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù, torí ọ́fíìsì ọmọ ogun ojú omi ni ní èbúté kan tí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Nọ́wè, Nẹ́dálándì, Faransé àti Pólándì ti ń jáde lọ sójú ogun.

Wọ́n da ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀ ní 1958. Ní 1968, àwọn ọmọ ogun ìpamọ́ Dundee kó lọ sí ilé orí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HMS Camperdown, èyí tí wọ́n tì pa ní 1994. Unicorn ṣì wà nínú omi ní Victoria Dock, òrùlé ìgbà náà sì wà lórí rẹ̀ síbẹ̀.