Ihámọ́ra fún eré ogun àtijọ́: orí ni kí o kọ́kọ́ bò

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Leicester ni mo ń gbé. Ó tó oṣù mẹ́ta báyìí tí mo dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan tó máa ń ṣe eré ogun àtijọ́, irú ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn jà ní nǹkan bí ọdún 1485. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi mí ṣe. Àṣíborí ẹgbẹ́ ni mo ti ń yá lò, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n wá tèmi kí ìgbà ooru tó dé. Mo rí odindi ihámọ́ra kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń dán gbinrin, owó rẹ̀ ò sì ga jù. Ìyàwó mi ní bí mo bá fẹ́ fi owó ilé ra páànù, kí n kúkú fi kan òrùlé. Ṣé kí n rà á ni, àbí kí n rọ tèmi fúnra mi? Mo ní gáréèjì kékeré, mo sì mọ òòlù dì mú díẹ̀.
A. O.

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ìyàwó rẹ ti dá ọ lóhùn kí o tó kọ̀wé sí mi. Ohun tó ń dán gbinrin tí o rí yẹn, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n ṣe é fún. Irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí. Irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ṣe é fún gbogbo ayé, nínú àṣíborí rẹ̀ kò sì sí ju awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Bí wọ́n bá fi idà tí kò mú gbá a, yóò tẹ̀ wọnú, ara rẹ ni yóò sì tẹ̀ lé. Má rà á.

Leicester lo wà, nítorí náà mi ò ní wá àpẹẹrẹ lọ jìnnà. Ní 2012, abẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí kan nínú ìlú yín ni wọ́n ti hú egungun Ọba Richard Kẹta, ẹni tí wọ́n pa lójú ogun ní Bosworth lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 1485. Àwọn onímọ̀ tó yẹ egungun náà wò rí ojú ọgbẹ́ 11 tó gbà lásìkò ikú rẹ̀. Mẹ́sàn-án wà ní orí. Apá àti ọwọ́ rẹ̀ kò ní ọgbẹ́ kankan tó kan egungun. Èrò wọn ni pé ihámọ́ra ṣì wà lára ọba nígbà náà, àṣíborí nìkan ló ti kúrò. Bákan náà ni ti Towton, níbi tí wọ́n ti jà ní 1461. Ní 1996, wọ́n kan sàréè kan níbẹ̀ tí egungun àwọn tó lé ní 35 wà nínú rẹ̀, orí sì ni ọgbẹ́ wọn pọ̀ sí jù. Owó tó bá wà lọ́wọ́ rẹ lónìí, orí ni kí o kọ́kọ́ ná an lé.

Ṣùgbọ́n kí o tó yọ owó, bi ọ̀gá ẹgbẹ́ yín léèrè irú eré tí ẹ ń ṣe gan-an, kí o sì gba ìwé òfin wọn kà. Gbogbo wa ni aráyé ń pè ní aláré ogun, àmọ́ eré wa ò jọra. Àwọn kan wà tó ń fi ogun han òǹwòran: irin ni idà wọn, etí rẹ̀ kò mú, wọ́n mọ ibi tí wọ́n lè gbá lára ẹni, wọ́n sì máa ń fa ọwọ́ sẹ́yìn kí idà tó balẹ̀. Bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ, àárín àwọn wọ̀nyí lo wà. Àwọn mìíràn, bíi Society for Creative Anachronism tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní 1966, pànkẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń jà. Bẹ́ẹ̀ ni, pànkẹ́rẹ́ tí tíṣà fi nà wá, àfi pé tiwọn nípọn ju mílímítà 30 lọ, wọn kì í sì í fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí òfin wọn fi le: irin àṣíborí kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju mílímítà 1.6 lọ, àlàfo àárín irin tó bo ojú kò gbọdọ̀ ju íǹṣì kan, ohun tí wọ́n bá sì tẹ́ sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn tó ìdajì íǹṣì. Ẹ̀yà kẹta ni buhurt. Àwọn yẹn fi irin lu irin tagbáratagbára, wọ́n ń gbé ara wọn ṣubú. Ihámọ́ra tí a ṣe fún eré àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ dé pápá tiwọn láéláé, ì báà dán bí ojú dígí.

Ó dáa, àṣíborí. Fún ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ọdún 1485, oríṣi méjì ló bá ọ mu. Ọ̀kan ni sallet, èyí tí ìdí rẹ̀ gùn sẹ́yìn bo ìpakọ́. Èkejì ni kettle hat, fìlà irin tí etí rẹ̀ fẹ̀ yíká bí akẹtẹ̀. Akẹtẹ̀ irin yìí ni mo máa ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti rà. Owó rẹ̀ kéré, o ń ríran, o ń gbọ́rọ̀, o ń mí, àwọn ohun tó sì ń já bọ̀ láti òkè, etí rẹ̀ ń gbá wọn dànù kí wọ́n tó kan èjìká. Ó ń ṣí ojú sílẹ̀ o, nítorí náà bí òfin ẹgbẹ́ yín bá gba kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ gún sókè, sallet àti irin ìbòrùn tó gun àgbọ̀n ni kí o wá. Èyíkéyìí tí o bá mú, bi ẹni tó ń tà á léèrè bí àtàrí rẹ̀ ṣe nípọn tó. Mílímítà méjì ni mo fẹ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ibòmíràn ni kí o lọ. Má sì rọ àṣíborí àkọ́kọ́ rẹ fúnra rẹ. Èmi tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, irin orókùn bíi mélòó kan ni mo ti bà jẹ́ kí n tó dán ti orí wò.

Irin kì í ṣe òkígbẹ́. Òkígbẹ́ tí àwọn bàbá wa ń sọ, àdá á kàn ọ́, kò ní rán ọ létí pé ó kàn ọ́. Irin kò rí bẹ́ẹ̀. Idà kò ní wọlé, ṣùgbọ́n agbára tó gbé e bọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń wá ibi tí yóò wọ̀. Ohun tó wà láàárín irin àti agbárí rẹ ló máa gbà á. Ra fóòmù líle tí kì í fa omi, irú èyí tí àwọn tó ń pàgọ́ máa ń tẹ́ sábẹ́ ara sùn. Ti tìmùtìmù kò wúlò, ó máa ń tẹ̀ pẹlẹbẹ ni. Gé e, lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àṣíborí yíká, kí o sì fi aṣọ ọ̀gbọ̀ bò ó kí òǹwòran má bàa rí i. Lẹ́yìn náà, dé àṣíborí, de okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n, kí o mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ọmọ tó ń kọ oògùn. Bí àṣíborí bá ń pẹ́ kó tó tẹ̀lé orí, fóòmù kò tíì tó. Ní kí ẹnì kan fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láti ẹ̀yìn. Bí o bá gbọ́ ọ nínú eyín, kò tíì tó náà nìyẹn.

Mo tẹnu mọ́ ẹ̀yìn nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti jìyà. Iwájú nìkan ni mo rò pé wọ́n ó ti gbá mi, mo wá tẹ́ ìpakọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọ̀rẹ́ wa kan ń sáré kọjá lẹ́yìn mi, ìdí ọ̀pá ọ̀kọ̀ rẹ̀ kàn mí ní ìpakọ́, òun pàápàá kò mọ̀. Mo jókòó díẹ̀, mo sì tún padà sójú pápá bí aláìgbọ́n. Nígbà tó di alẹ́, mo bì lẹ́ẹ̀mejì, iná yàrá ń gún mi lójú. Bí wọ́n bá gbá ọ lórí tí orí ń fọ́ ọ, tí èébì ń gbé ọ, tàbí tí o kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa, eré ti parí fún ọ lọ́jọ́ náà. Bọ́ àṣíborí, kí wọ́n gbé ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Lẹ́yìn orí, aṣọ ló kàn, kì í ṣe irin. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ àti tafàtafà ìgbà yẹn, jack ni wọ́n wọ̀: ẹ̀wù tí wọ́n to aṣọ ọ̀gbọ̀ léra wọn ní ìpele ìpele, tí wọ́n sì rán an mọ́ra. Louis Kọkànlá, ọba Faransé, tiẹ̀ sọ iye rẹ̀ nínú àṣẹ tó pa fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀: ìpele 30, tàbí ó kéré tán 25, kí wọ́n fi awọ àgbọ̀nrín kan bò ó. Ó ní aṣọ tó ti gbó díẹ̀ tó sì ti rọ̀ ló dára jù. Ṣé o rí i pé àkísà ní iyì tirẹ̀! Kì í sì í ṣe ilẹ̀ Yúróòpù nìkan ni wọ́n ti gbọ́n ọgbọ́n yìí. Àwọn ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Hausa àti Bọ̀nú ní lìfídí, aṣọ tí wọ́n ki òwú igi àràbà sínú rẹ̀ fún ènìyàn àti ẹṣin. Wọ́n ṣì ń gbé e jáde lọ́jọ́ ìgun ẹṣin ọdún Sallah títí di òní.

Jack yìí ni kí o ṣe fúnra rẹ. Ìwọ kò nílò ìpele 30, nítorí ohun ìjà yín kò mú. 12 tàbí 15 ti tó. Lọ sí ilé ìtajà àwọn nǹkan àlòkù, ra aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ọ̀gbọ̀ tàbí òwú, fọ̀ wọ́n kí wọ́n sún kì kó tó di pé o gé wọn. Má fi pọliẹ́sítà sí i. Oòrùn oṣù Keje ní England kò le bíi ti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n nínú pọliẹ́sítà àti irin, wàá rò pé àárín ààrò lo wà. Bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ilé kò bá lè gun gbogbo rẹ̀ já, fi ọwọ́ rán an. Ó gba sùúrù, mo mọ̀.

Ìka ọwọ́ ni nǹkan kẹta, òun ló sì máa ń tètè kán jù lójú pápá. Ra ìbọ̀wọ́ irin tó dára. Rírọ ọ le, ìka nìkan lè ní ogún ègé irin. Abẹ́ náà ńkọ́? Ohun tí àwọn tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ sábẹ́ ṣòkòtò ni kí o wọ̀. Kò sí ẹni tí yóò rí i.

Òòlù rẹ wàyí. Ìgbọ̀nwọ́ àti orókùn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ ìrọ. Gé páálí títí yóò fi bá orókùn rẹ mu, pẹ̀lú aṣọ abẹ́ lára, kí o sì tẹ ẹsẹ̀ kí o nà án wò. Kí páálí náà má gún ọ níbì kankan kí o tó fà á sára irin. Ra irin rírọ̀ tó nípọn tó mílímítà 1.5. Kò nílò iná: wá kùkùté igi kan, gbẹ́ ihò bí àwo ọbẹ̀ sí orí rẹ̀, gbé irin lé e, kí o máa fi òòlù olórí róbótó lù ú yíká díẹ̀díẹ̀. Má jókòó sójú kan, yóò fẹ́lẹ́ níbẹ̀ ni. Nígbà tó bá ti kó bí igbá, dà á bolẹ̀ lórí irin olórí róbótó mìíràn, kí o fi òòlù kékeré tẹ́ àwọn kókó rẹ̀. Fi fáìlì fá etí rẹ̀ títí ìka kò fi ní mọ̀ ọ́n lára, nítorí etí irin tí a kò fá ti gé aláré ju idà lọ. Bo etí gbígbọ́ rẹ, bo ojú rẹ. Tí o bá fẹ́ fi iná sí irin lọ́jọ́ iwájú, kó má jẹ́ irú páànù tí wọ́n fi síńkì bò, èyí tí ìyàwó rẹ fẹ́ fi kan òrùlé. Èéfín síńkì máa ń dá ibà síni lára.

Ìgbàyà àti ihámọ́ra ẹsẹ̀ lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Èmi kì í kánjú fi irin sí ẹsẹ̀ ẹni tuntun. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Leeds gbé àwọn ọkùnrin tó wọ ihámọ́ra tó wúwo tó kílò 30 sí 50 sórí ẹ̀rọ ìrìn, wọ́n sì rí i pé agbára tí ìrìn ń gbà lára wọn ju ìlọ́po méjì lọ. Irin tó wà lẹ́sẹ̀ dá kún un gidigidi, torí gbogbo ìṣísẹ̀ lo máa fi gbé e. Nígbà tí o bá wá ra á, ìbàdí ni kí ó rọ̀ mọ́. Kí okùn ihámọ́ra ẹsẹ̀ so mọ́ ẹ̀wù abẹ́ tó fún ọ pinpin ní ìbàdí, kí ìgbàyà náà sì jókòó síbẹ̀. Bí èjìká bá ń dùn ọ́ kí wákàtí kan tó pé, irin náà kò burú, kò bá ọ mu ni. Ẹ̀yìn Ọba Richard wọ́, egungun rẹ̀ fi hàn. Wọ́n wá ọkùnrin òde òní kan tí ẹ̀yìn tirẹ̀ wọ́ bákan náà, wọ́n rọ ihámọ́ra tó bá a mu fún un, ó sì gun ẹṣin, ó jà nínú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀ṣọ ogun lọ sókè, àṣíborí ló ń kẹ́yìn, òun náà la sì kọ́kọ́ ń bọ́ bí ooru bá mú ènìyàn. Mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́. Lẹ́yìn eré, nu òógùn kúrò lára irin, fi òróró pa á, má sì di í sínú ọ̀rá. Jack gbọ́dọ̀ wà níbi afẹ́fẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òórùn rẹ̀ yóò lé àlejò lọ.

Lọ́jọ́ tí o bá ń lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tí yóò wọ̀n ọ́ fún ìgbàyà, wọ jack rẹ lọ, kí ó wọ̀n ọ́ lórí rẹ̀. Mú ìyàwó rẹ dání pẹ̀lú. Ẹ̀yìn ni okùn ìgbàyà wà, ọwọ́ rẹ kò sì ní dé ibẹ̀.