Èsì: Ṣé lóòótọ́ ni iléeṣẹ́ máa ń dín eré fóònù tó ti pẹ́ kù?

Ẹ kú ìbéèrè yìí, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Òkèṣà tó sọ fún yín pé iléeṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ ń mú kí fóònù àtijọ́ máa wọ́, kò parọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Ní oṣù Kejìlá 2017, Apple fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé àwọn dín eré àwọn iPhone kan tí bátìrì wọn ti gbó kù. Àlàyé wọn ni pé bátìrì tó ti gbó lè mú kí fóònù ṣàdédé kú, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn ò sọ fún ẹni tó ni ín. Ẹni tí bátìrì tuntun ìbá tó fún wá lọ ń ra odidi fóònù mìíràn! Nítorí ìdákẹ́ yẹn gan-an ni ìjọba Faransé ṣe bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 25 yúrò lé wọn ní 2020.

Lẹ́yìn tí ariwo ti ta ni wọ́n tó jẹ́ kí olúkúlùkù lè wo bí bátìrì rẹ̀ ṣe lágbára tó. Tó bá jẹ́ iPhone lẹ ń lò, ẹ wọ Settings, kí ẹ tẹ Battery. Tó bá ti gbó, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀ ná kí ẹ tó náwó oṣù yín sórí fóònù tuntun.