Kòkòrò Inú Kábéèjì: Kì í Ṣe Oògùn Tó Le Jù Ni Ẹ Nílò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀bá odò ní Kuje ni mo ti ń gbin kábéèjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kòkòrò kéékèèké aláwọ̀ ewé ti dá ewé rẹ̀ lu. Ẹni tó ń ta oògùn lọ́jà ní kí n máa fín ọ̀tápíápíá sí i ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Mo ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, síbẹ̀ wọn kò lọ. Oògùn wo ló tún le ju èyí lọ? (Ìyá kan láti Kuje)

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá oko, ìyá mi. Irú ìbéèrè yìí kò yé wá sọ́dọ̀ mi láti Kuje, Gwagwalada àti Jos, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán pátá. Kì í ṣe pé oògùn yín kò le tó. Fífín tí ẹ ń fín in léraléra gan-an ni ó ń bí irú kòkòrò tí apá oògùn kò ká.

Ọmọ àfòpiná kékeré kan tí àwa onímọ̀ ń pè ní Plutella xylostella ni ó sábà máa ń ṣe báyìí. Ẹ yí ẹ̀yìn ewé kan sókè, ẹ óò rí ẹyin rẹ̀ bíńtín bíńtín, aláwọ̀ ìyeyè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ewé. Ọmọ rẹ̀ kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lórí àti nídìí. Bí ẹ bá fi ìka kàn án, yóò máa jà pìtìpìtì sẹ́yìn, yóò já bọ́ lára ewé, yóò sì so rọ̀ lórí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí ti oko yín kò bá ṣe báyìí, ó lè jẹ́ kòkòrò mìíràn, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ó kí ẹ tó lo ohun tí mo kọ síhìn-ín. Kábéèjì, kọ́lífíláwà àti mọ́sítáàdì, tí wọ́n jẹ́ mọ̀lẹ́bí, ní èròjà kan nínú tó ń ta ni lẹ́nu, tó sì ń lé ọ̀pọ̀ kòkòrò sá; àmọ́ oró rẹ̀ kò mú àfòpiná yìí, èròjà náà ni ó tilẹ̀ fi ń mọ ewé tí yóò yé sí.

Nínú ooru ilẹ̀ wa, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ti tó kí ẹyin rẹ̀ di àfòpiná tí òun náà ń yé ẹyin. Nígbà tí ẹ bá fín oògùn, púpọ̀ yóò kú, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ tí ara wọn lè gba oró náà yóò yè, àwọn nìkan ni yóò sì bímọ. Nígbà tí ẹ bá tún un fín, ẹ kàn ń bá wọn ṣa àwọn alágbára jọ ni. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1953 ni ìròyìn ti jáde láti erékùṣù Java, ní Indonesia, pé DDT, oògùn apakòkòrò tó gbajúmọ̀ nígbà náà, kò pa á mọ́, ọ̀pọ̀ oògùn mìíràn sì ti bá ti DDT lọ láti ìgbà náà. Bákan náà, oògùn tí ẹ ń fín ń pa àwọn agbọ́n kéékèèké tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò yìí, tí ọmọ wọn sì ń jẹ ẹ́ títí yóò fi kú. Ẹ ń pa ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó ní kí ẹ da ọ̀tápíápíá sórí ẹ̀fọ́ tí àwọn ènìyàn máa ń jẹ ní tútù kò ṣe yín lóore rárá. DDVP ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Májèlé tó ń ba iṣẹ́ iṣan ara jẹ́ ni, imú àti awọ ara ni ó sì ń gbà wọlé. Àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò DDVP kékeré ní ọdún 2019. Èyí tí wọ́n wá ń rọ sínú ìgò tí kò ní àkọlé, kò sí ẹni tó lè sọ bí ó ṣe le tó.

Ẹ dá a dúró lónìí. Ẹ gún kóró èso dóńgóyárò tó gbẹ, ẹ rẹ gíráàmù 50 rẹ̀ sínú lítà omi kan mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i, torí pé ewé kábéèjì a máa dán, omi lásán a sì máa yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, nítorí pé oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, kí ẹ sì rí i pé ó dé ẹ̀yìn ewé. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí ebè kan ná. Kòkòrò kò ní kú lójú ẹsẹ̀. Yóò dáwọ́ jíjẹ dúró, kò sì ní lè bọ́ awọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra oògùn, ẹ bèèrè Bt, èyí tí a fi bakitéríà ṣe, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì tẹ̀lé àkọlé ara rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ mi lọ. Òun náà, ẹ má lò ó nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí pé ní ìpínlẹ̀ Hawaii ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1990, kòkòrò yìí ti borí rẹ̀ nínú oko. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ hú gbogbo kùkùté, ẹ rì í mọ́lẹ̀, kí ẹ sì gbin nǹkan mìíràn bí àlùbọ́sà sórí ebè náà.

Ní ti kábéèjì tó wà lóko báyìí, ẹ má tà á, ẹ má sì sè é, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní àdúgbò yín tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ̀yin tàbí ẹni tó bá yín fín in bá ń làágùn ṣáá, tí itọ́ ń dà lẹ́nu, tí ojú ń ṣe bàìbàì tàbí tí mímí le, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ kíákíá, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání.