Ehoro ara páálí: ṣé ó tó ẹ̀rí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ máa ra ìpara, àtíkè àti ọṣẹ ìfọbọ́ tí wọn kò fi ẹranko dán wò. Àwòrán ehoro kún ara ọjà, àwọn kan sì kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn kì í ṣe irú ẹ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́ níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tètè fọkàn tán ehoro. Kò sí ilé iṣẹ́ tí kò lè ya tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò tilẹ̀ là á kalẹ̀ ohun tí "cruelty-free" (ìyẹn, pé wọn kò fìyà jẹ ẹranko) jẹ́. Bó bá ṣe wu kálukú ló ń lò ó.

Èmi tí mo ń yẹ èròjà ìpara wò kí wọ́n tó gbé e sọ́jà, gbólóhùn tó máa ń kọ mí lóminú jù ni "a kò dán ọjà yìí wò lára ẹranko." Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé o! Ìpara tó ti parí nìkan ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n inú ike kan ṣoṣo, òróró wà níbẹ̀, aró wà níbẹ̀, ohun tó ń ta sánsán àti ohun tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́ náà wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe èròjà wọ̀nyí ni ìdánwò ti sábà máa ń wáyé. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà, kí ẹ bi wọ́n bóyá àwọn tó ń ta èròjà fún wọn ń dán an wò, àti bóyá wọ́n ń gbà kí ìjọba orílẹ̀-èdè kankan dán an wò kí wọ́n tó tà á níbẹ̀. Bó bá jẹ́ "a fẹ́ràn ẹranko gan-an" ni wọ́n fi fèsì, wọn ò tíì dá yín lóhùn.

Àmì tí mo gbà jù ni Leaping Bunny, àmì ẹ̀rí tó ní ehoro tó ń fò. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ dá ọjọ́ kan, tí wọn kò ní ra èròjà tí wọ́n bá dán wò lára ẹranko lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Àwọn olùyẹ̀wò láti ìta sì ń wá yẹ ìwé wọn wò.

Ẹ ṣọ́ra nídìí ọṣẹ ìfọbọ́. Láti oṣù Kẹta ọdún 2013 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de títa ohun ìṣaralóge tí wọ́n torí rẹ̀ dán nǹkan wò lára ẹranko, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò kan ọṣẹ ìfọbọ́ tàbí ohun tí à ń fi nulẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àmì ti wúlò jù.

Bí ẹnì kan bá sọ pé láìsí ehoro kò sí ààbò, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìlànà tí John Draize, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1944 ni pé kí wọ́n kán nǹkan sójú ehoro, kí wọ́n máa wo bí ẹyinjú ṣe ń pọ́n fún ọjọ́ mélòó kan. Lónìí, awọ tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ènìyàn hù nínú abọ́ kékeré ni a fi ń mọ ohun tó lè ta lára.

Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ ohun tó ti ara ẹranko wá rárá, ehoro kò bá yín dé ibẹ̀. Lipstick pupa lè gba àmì, síbẹ̀ kí aró rẹ̀ jẹ́ ti kòkòrò. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí: CI 75470 ni wọ́n ń kọ ọ́.