Ẹ má tíì dáwó tiransifọ́mà yẹn

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àdánù ẹja. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ẹ ní tiransifọ́mà àdúgbò yín bú gbàmù, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti ṣe tán láti dáwó, àwọn onílé ní kò kan àwọn, ẹ wá ń bèèrè bí a ṣe ń kó wọn jọ. Jórinjórin ni mí, n'Íbàdàn. Lójú ará àdúgbò, àwa là ń ba tiransifọ́mà jẹ́, nítorí náà bí iná bá ti lọ báyìí, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti ń wá fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Ibi tí mo ti ń gbèjà ara mi ni wọ́n ti fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ iná.

Lẹ́tà ló ń ṣáájú owó. Láti 2013 tí ìjọba ti ta ilé-iṣẹ́ iná fún aládàáni (NẸ́PÀ náà la ṣì ń pè wọ́n), ilé-iṣẹ́ apínná ló ni iṣẹ́ àti ra tiransifọ́mà, òpó àti wáyà, kì í ṣe oníbàárà. NERC, àjọ tó ń mójú tó wọn, ti sọ ọ́ títí. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ lẹ́tà náà, kí onílé àti oníṣọ́ọ̀bù jọ fọwọ́ sí i, ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí èyí tí ẹ ó mú bọ̀ wálé. Bí wọn kò bá lu òǹtẹ̀, ẹ jókòó dè wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú, torí èyí tó bú gbàmù lè má tíì kú. Nígbà mìíràn fíúsì ni, tàbí wáyà tó sọ̀ kalẹ̀ wọ àpótí fíúsì ló jó, owó ìyẹn kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransifọ́mà tuntun.

Bí wọ́n bá ń fi yín falẹ̀, tí ẹ wá pinnu pé ẹ ó rà á fúnra yín, òfin kan wà tí NERC ṣe ní 2015 fún irú rẹ̀. Ẹ̀yin àti ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, kí wọ́n kọ bí wọn ó ṣe san owó yín padà sínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ iná tiwa tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó mú mi wọlé kò gba bébà kankan. Tiransifọ́mà dé, iná tàn, ìlù dún. Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ apínná fi fa wáyà láti ara rẹ̀ lọ sí àwọn ilé tuntun lódìkejì odò, iná tiwa wá rọ̀ débi pé ẹ̀rọ ìjórin mi kò lè yọ́ irin mọ́. A lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n ní ohun ìní ilé-iṣẹ́ ni. Lójú ìwé, òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ẹ tún wádìí fídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí tiransifọ́mà, tí àdúgbò yín wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bèèrè èyí. Ìpele ìpele, tí wọ́n ń pè ní Band, ni wọ́n fi ń pín iná. Band A, iná wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán. Band D, 8. Band E, 4. Ara fídà ni wọ́n ti ń wo ìyẹn, kì í ṣe ara tiransifọ́mà. Bí ẹ bá wà ní Band D, tí ẹ lọ ra tiransifọ́mà tó ń dán gbinrin, iná Band D náà ni yóò máa wọ fírísà yín. Kí gbogbo ẹni tó fẹ́ dáwó gbọ́ èyí lójú ìpàdé kí wọ́n tó mówó sílẹ̀, kí wọ́n má baà sọ yín di olè tó bá yá. Fídà yìí náà ló ń sọ irú tiransifọ́mà tí ẹ máa rà: ti 11 kV ni tàbí 33 kV, ìyẹn bí agbára iná inú wáyà náà ṣe ga tó. Tí ẹnìkan bá ní òun mọ ibi tí wọ́n ti ń ta 33 ní ẹ̀dínwó, tó sì jẹ́ pé fídà 11 ló kọjá lójú pópó yín, ẹ kí i, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Ó wá ku owó. Iná tí kálukú ń jẹ la kà, a ò ka iye ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń ta bisikíìtì lábẹ́ gílóòbù kan kò lè san iye kan náà pẹ̀lú ẹlẹ́rọ ata, ẹlẹ́ja àti èmi. Àwa jórinjórin la kọ́kọ́ san, iye tó ga jù lọ, lójú ìpàdé, a sì gba rìsíìtì níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwa abanájẹ́, ẹnu wọn wọhò. Àwọn tí kò lè mú owó ńlá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, alájọ tó ń yíká òpópó ló bá wa gbà á lójoojúmọ́, ó ya ìlà tirẹ̀ sọ́tọ̀ lórí káàdì wọn. Iyì tí alájọ yẹn ní lọ́dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà, kò sí ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ wa tó ní i.

A lẹ orúkọ gbogbo ẹni tó san mọ́ ara ògiri ilé oògùn, pẹ̀lú iye rẹ̀. Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ kò mọ̀wé kà. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, yóò mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ síwájú ògiri, ọmọ á máa kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí ọmọ padà sí orúkọ kan. Ó ní, "Èyí kò tíì san o. Lánàá ló ń yá garawa lọ́wọ́ mi, tó ń ráhùn pé òun ò rówó san." A yẹ káàdì wò, òótọ́ ni, akápò ló kọ orúkọ rẹ̀ torí pé ó ṣèlérí. Láti ọjọ́ yẹn ni owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé dáadáa.

Inú àkáǹtì báǹkì kan ni kí owó wà, kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí i: onílé kan, oníṣọ́ọ̀bù kan, ìyálọ́jà òpópó yín. Kí àlẹ́ẹ̀tì máa wọ fóònù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Agbaṣẹ́ṣe kò gbọdọ̀ gba owó rẹ̀ tán kí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, tó wá yẹ iṣẹ́ náà wò.

Ní ti àwọn onílé, ẹ má bá wọn sọ ìfẹ́ ìlú. Owó ilé ni kí ẹ bá wọn sọ. Onílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo torí àìsí iná, òun gan-an ló lọ kan ilẹ̀kùn àwọn yòókù. Bí olóṣèlú kan bá sì gbé tiransifọ́mà wá fún yín, tó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí i lára, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bébà lọ́wọ́ òun náà.

Tí ilé-iṣẹ́ apínná kò bá dáhùn lẹ́tà yín, ọ̀dọ̀ NERC ló kàn. Ní ìpínlẹ̀ tó ti gba ìṣàkóso iná tirẹ̀ lábẹ́ òfin iná 2023, bí Ọ̀yọ́, Èkìtì àti Oǹdó, àjọ iná ìpínlẹ̀ náà ni kí ẹ lọ bá. Ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí yẹn ni ẹ ó mú dání.

Ẹja tó kù kò ní dúró de ìpàdé o. Àwọn ẹlẹ́ja tiwa kó fírísà wọn sínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, wọ́n jọ ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kan, wọ́n ń tàn án lálẹ́, wọ́n sì lẹ àmì mọ́ ẹja oníkálukú. Ẹ bá àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ yín sọ ọ́ lónìí.