Highlander mi ò gun òkè Màpó mọ́: ṣé gíà ti kú ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Highlander 2003 ni mò ń lò, V6, tòkunbọ̀ ni mo rà á, ó sì ti lo ọdún mẹ́jọ lọ́wọ́ mi. Láti bí oṣù méjì báyìí, tí mo bá sítáátì ẹ̀ láàárọ̀ tí mo fa gíà sí D, kò ní lọ, màá ti ka ení, èjì, ẹ̀ta kó tó wá gbọ̀n mí gbì. Tí mo bá wá ń gun òkè Màpó, ẹ́ńjìnì á máa ké, ọwọ́ RPM tó ń fi bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yára yí hàn á ròkè, mọ́tò ò sì ní rìn. Mẹkáníìkì mi ní gíà ti kú, ká lọ ra Belgium, ìyẹn gíà àlòkù tó ti òkè òkun dé. Mo bi í pé ṣé ó ti wo ọ́ìlì, ó ní òun ti fi kún un lẹ́ẹ̀mejì, ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń dà sí sítíárín náà ló dà sí i. Kí ni kí n ṣe? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ gíà yẹn kalẹ̀.

Lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n fi ọ́ìlì kún un yẹn ló ká mi lára jù. Ọ́ìlì gíà kì í jóná dà nù bíi ti ẹ́ńjìnì, tó bá ti dín, ó ń jò níbì kan ni. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ wo ibi tó kán sí. Oil seal tó wà níbi tí ṣáàfù táyà iwájú ti wọnú gíà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà, họ́ọ̀sì méjì tó lọ sí rédíétọ̀.

Ọ́ìlì yìí ni pọ́ǹpù ń fà tó fi ń tẹ àwọn pléètì inú gíà pọ̀ kí wọ́n lè di ara wọn mú. Tó bá dín, tẹ́ ẹ wá kọrí sókè, ọ́ìlì á ya sápá kan, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, àwọn pléètì á wá máa yọ̀, yíyọ̀ yẹn náà ló sì ń jó wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má gun òkè kankan mọ́ títí a ó fi yanjú ẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wò ó rèé. Ẹ wà á bí ogún ìṣẹ́jú kó gbóná, ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, ẹ má pa ẹ́ńjìnì. Ẹsẹ̀ yín wà lórí bíréèkì, ẹ fa gíà láti P dé L kẹ́ ẹ tún dá a padà sí P, ẹ wá fa géèjì jáde, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún fà á. Ojú HOT ló yẹ kó wà. Tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnì kẹ́ ẹ tó wò ó, irọ́ ni géèjì máa pa fún yín o, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kán ẹyọ kan sórí tíṣù funfun. Tó bá pupa tó mọ́lẹ̀, ẹ yọ̀. Tó bá dà bíi tíì tó fẹ́lẹ́, ó ti gbó ni. Àmọ́ tó bá dúdú, tó ń rùn bí ẹ̀wà tó jó mọ́dìí ìkòkò, pléètì ti ń jó nìyẹn.

Ọ́ìlì sítíárín tí wọ́n dà sí i, Dexron ni. T-IV ni Toyota kọ fún gíà Highlander yín, pupa làwọn méjèèjì àmọ́ wọn ò rí bákan náà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú ọ́ìlì náà dà nù látìdí, bíi lítà mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin ló máa jáde, èyí tó ṣẹ́ kù sínú gíà àti converter (ike ọ́ìlì tó so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà) jùyẹn lọ, nítorí náà wọ́n á da T-IV sí i, ẹ ó wà á fọ́jọ́ bíi mélòó kan, wọ́n á tún tú u, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ má gbà kí wọ́n fi máṣíìnì fọ̀ ọ́. Kí wọ́n sọ páànù ìsàlẹ̀ kalẹ̀ náà, mágínẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, tí ẹrẹ̀ eérú kúnná bá lẹ̀ mọ́ ọn kò burú, tó bá jẹ́ èérún irin lẹ rí, ọ̀rọ̀ ti dé inú gíà.

Ẹ tún ní kí wọ́n sìkáànì ẹ̀. Tí iná O/D OFF bá ń ṣẹ́jú, brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ti kọ nǹkan pamọ́, kóòdù bíi P0750 ń sọ nípa solenoid, ìyẹn fáàfù kékeré oníná tó ń darí ọ́ìlì nínú gíà, kì í ṣe gbogbo gíà. Ẹ wá ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kó máa fà á láti D sí R, tí ẹ́ńjìnì bá ń fò sókè, engine seat, ìyẹn rọ́bà tó di ẹ́ńjìnì mú, ti já, òun náà máa ń gbọni gbì bẹ́ẹ̀.

Tó bá wá di dandan kẹ́ ẹ ra Belgium, gíà ẹ́ńjìnì V6 3.0 ti 2003 ni kẹ́ ẹ béèrè o. Ti V6 2004 ti di 3.3, gíà ẹ̀ sì ní ìpele márùn-ún, tiyín mẹ́rin ni. Ẹ sọ bóyá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà tàbí iwájú nìkan, wọn ò jọra.

ÌBÉÈRÈ: Jíìpù ìyàwó mi, ti ọdún 2005, ọ́ìlì gíà ẹ̀ ti funfun mọ́ pupa, ó rí bíi yógọ́ọ̀tì. Ṣé ká kàn pààrọ̀ ẹ̀? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ má sítáátì ẹ̀ mọ́, kó tiẹ̀ jẹ́ pé kẹ́ ẹ kàn fi gbé e kúrò lójú ọ̀nà. Omi rédíétọ̀ ló ti wọnú gíà. Páìpù tó ń tu ọ́ìlì gíà lára gba inú rédíétọ̀ kọjá, tó bá ti lu, àwọn méjèèjì á pò pọ̀, omi coolant yẹn á sì máa tú gọ́ọ̀mù tó lẹ àwọn pléètì mọ́ra, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fi wà á ń ba nǹkan jẹ́ sí i. Ẹ ní kí wọ́n fà á lọ. Rédíétọ̀ tuntun ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, tí ọ́ìlì tẹ́ ẹ bá dà sí i ò fi ní tún bàjẹ́, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tú ọ́ìlì kí wọ́n sì da tuntun léraléra títí àwọ̀ ẹ̀ á fi padà sí pupa. Tó bá ti ń yọ̀ kẹ́ ẹ tó rí i, wọ́n máa tú gíà láti pààrọ̀ pléètì. Ṣé ó ti ń yọ̀? Ẹ kọ ìyẹn ránṣẹ́ sí mi.