Ta Ni Ká Pè Wá Bá Wa Sọ̀rọ̀ Lórí Jìbìtì Ayélujára?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, mo kí yín. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò aṣọ kan ní Ìbàdàn. Lóṣù tó kọjá, àwọn gbájúẹ̀ gba ímeèlì ẹni tó máa ń kó ọjà fún ọ̀kan nínú wa, wọ́n fi kọ̀wé sí ọmọ ẹgbẹ́ wa náà pé nọ́ńbà àkáǹtì ti yí padà, ó sì san owó ọjà sọ́wọ́ wọn. Nítorí èyí, a fẹ́ pe onímọ̀ kan sí ìpàdé ọdọọdún wa. Ẹni mẹ́ta ló wà níwájú wa: ọ̀dọ́kùnrin kan tí fídíò rẹ̀ gbajúmọ̀, tó ní òun lè wọ inú fóònù ẹnikẹ́ni, aṣojú ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ètò ààbò kọ̀ǹpútà, tó ní òun kò ní gba kọ́bọ̀, àti obìnrin kan tó ti fi ọdún mẹ́wàá tọ pinpin jìbìtì ní báńkì, tí owó rẹ̀ ga díẹ̀. Báwo ni ká ṣe yàn?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ bá wa kí ẹni tó pàdánù náà. Kí Olódùmarè fi èyí tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀.

Kí ẹ tó wo orúkọ ẹnikẹ́ni, irú jàǹbá tó ń bá ẹgbẹ́ yín jà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àlẹ́ẹ̀tì èké, WhatsApp tí wọ́n gbà mọ́ni lọ́wọ́ tí wọ́n sì ń fi tọrọ owó, ẹni tó ń fi orúkọ báńkì pe èèyàn láti gba OTP (nọ́ńbà àṣírí ìgbà kan tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ sí fóònù), àti nọ́ńbà àkáǹtì tó ń yí padà lójijì: àwọn wọ̀nyí ni tiyín. Ẹni tó bá fi wákàtí kan ṣàlàyé bí orílẹ̀-èdè kan ṣe ń jí àṣírí èkejì kò tíì bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ pe ẹni kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, ẹ ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kí ẹ sì bi í léèrè pé: “Ká ní ẹ̀yin la kọ́kọ́ pè, kí ni ẹ̀ bá ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́?” Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí yóò kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè tirẹ̀: aago mélòó ni owó lọ, báńkì wo ló gbà á, ṣé ímeèlì náà ṣì wà níbẹ̀? Yóò ní kí ẹ sáré pe báńkì tí owó ti jáde, kí wọ́n lè bá báńkì tó gbà á sọ̀rọ̀ kí àwọn olè tó pín in sí àkáǹtì mìíràn, kí ẹ má sì pa nǹkan kan rẹ́, nítorí ẹ̀rí ni. Ẹni tí kò ṣe é rí yóò máa dẹ́rù bà yín ni.

Ẹ bi í nípa òfin pẹ̀lú. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára tí Nàìjíríà ṣe ní 2015, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2024, fún ẹni tí wọ́n bá kọ lu ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní wákàtí 72 láti fi tó ngCERT, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ìkọlù orí kọ̀ǹpútà, létí. Kò yẹ kí onímọ̀ tó fẹ́ bá oníṣòwò Nàìjíríà sọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ èyí lẹ́nu yín.

Ibi tí mo ti máa ń dá ògidì mọ̀ ni bí ó ṣe ń sọ ìtàn. Ẹ jẹ́ ká mú ti Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ilẹ̀ Denmark tí NotPetya, kòkòrò tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́, kọ lù ní oṣù kẹfà 2017. Alága wọn nígbà náà, Jim Hagemann Snabe, sọ níbi ìpàdé ọrọ̀ ajé àgbáyé ní Davos ní 2018 pé server (kọ̀ǹpútà àgbà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn yòókù) 4,000 àti kọ̀ǹpútà 45,000 ni àwọn tún tò láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ olùsọ̀rọ̀ yóò ka iye yìí, wọn yóò sì dákẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò débi ti Gánà, níbi tí iná ti lọ kí ìkọlù náà tó dé, tí kọ̀ǹpútà kan tó ní àkọsílẹ̀ tí wọ́n nílò láti tún gbogbo rẹ̀ tò sì tipa bẹ́ẹ̀ yè, nígbà tí gbogbo irú rẹ̀ yòókù ti bàjẹ́. Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń ṣe àtúntò náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní físà ibẹ̀ nínú òṣìṣẹ́ Gánà, nítorí náà ọ̀kan nínú wọn wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fi hard drive tó ní àkọsílẹ̀ náà lé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, onítọ̀hún ló gbé e dé Ìlú Ọba. Lẹ́yìn èyí, olùsọ̀rọ̀ gidi yóò yíjú sí àwọn èèyàn yín, yóò sì bi wọ́n pé: “Orúkọ àwọn tó jẹ yín lówó, èyí tí ẹ kọ sínú fóònù, ibo ni ẹ̀dà rẹ̀ kejì wà?”

Ti ìwé ẹ̀rí kò gba àlàyé púpọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pe ara rẹ̀ ní CISSP, ìyẹn ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, ó gbọ́dọ̀ ti ní ìrírí iṣẹ́ ọdún bíi márùn-ún, ẹ sì lè yẹ orúkọ rẹ̀ wò lórí ìkànnì ISC2, ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí náà.

Ní ti àwọn mẹ́ta yìí, èmi kò ní pe ọ̀dọ́kùnrin náà, nítorí wíwọ fóònù ẹlòmíràn láìgbàṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ẹni tó bá sì ń fi í yangàn kọ́ ló yẹ kó kọ́ àwọn ìyá wa ní ààbò. Ẹ lè fún aṣojú ilé-iṣẹ́ ní tábìlì lẹ́nu ọ̀nà kó pàtẹ ọjà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ di gbohùngbohùn mú. Obìnrin náà ni mo fara mọ́, bí ó bá yege nínú ìbéèrè wákàtí àkọ́kọ́, tó sì lè fi Yorùbá tó já gaara ṣàlàyé ohun tí OTP ń ṣe fún ẹni tí kò kàwé.

Kí ó tó fi ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹgbẹ́ yín ṣe àpẹẹrẹ, ẹ lọ bá onítọ̀hún nílé, kí ẹ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, kí olùsọ̀rọ̀ wá àpẹẹrẹ mìíràn.